Èéfín òkìtì ìyẹ̀ igi ò jẹ́ ká sùn mọ́ ní Lafẹ́nwá

ÌyáÌbejì_Lafẹ́nwá (Ọjọ́rú, aago 3:14 òru)

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, ẹ kú òru o. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà, Kẹ́hìndé fi orí lé mi láyà, ó ń mí bí ẹni tó sáré gun Olúmọ. Láti ìrọ̀lẹ́ àná ni mo ti ti gbogbo fèrèsé, mo sì fi tówẹ̀lì tútù dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Èéfín yẹn ṣì ń wọlé.

Ilé wa wà níbi tí ilẹ̀ ti dagẹ̀rẹ̀ lọ sódò Ògùn. Sọ́míìlì kan wà lẹ́yìn wa, ilé mẹ́fà péré ló wà láàárín àwa àti wọn. Nígbà tí a kó débẹ̀ lọ́dún 2016, òkìtì ìyẹ̀ igi wọn ò ju àgbàlagbà tó nàró lọ. Lónìí, ó ti ga ju òrùlé wa, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti wọ gọ́tà àdúgbò. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, wọ́n á dáná sí i kó lè relẹ̀. Ẹ ò ní rí ọwọ́ iná rárá. Abẹ́ ló ń jẹ lọ, ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, èéfín funfun tó ń ta imú bí ọtí kíkan. Aṣọ tí a bá sá á máa rùn ún. Gàrí inú ike gan-an ń rùn ún.

Bí òjò bá wá dé, ìyọnu mìíràn ni. Ìyẹ̀ náà á ṣàn wọ gọ́tà, gọ́tà á dí, omi dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì á wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kànga ilé kẹta sí wa ti pọ́n láti ọdún tó kọjá. Wọn ò fi sè mọ́, aṣọ nìkan ni wọ́n ń fi fọ̀, aṣọ funfun ò sì funfun mọ́ lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́ mi lódì. Káfíńtà ni ọkọ mi. Ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn yìí ló ti ń ra pákó, iṣẹ́ yẹn la fi ń san owó ilé-ìwé. Mi ò ní kí ẹ bá mi lé ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo ń bi yín ni pé ta la máa lọ bá, kí la sì máa sọ, tí wọn ò fi ní rò pé a fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu wọn?

BàbáOnílé_Adígbẹ (Ọjọ́rú, aago 5:40 àárọ̀)

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Ọlọ́run á bá wa wo ọmọ. Tiwa níhìn-ín, ariwo ni. Láti aago méje àárọ̀ ni jẹnẹrétọ̀ àti ayùn ńlá ti ń ké. Èmi àti ìyàwó mi ò lè sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nínú pálọ̀ wa mọ́. Lójú tèmi, kí ìjọba kó gbogbo sọ́míìlì kúrò láàárín ìlú. Ibi tí èèyàn ń sùn kọ́ ló yẹ kí wọ́n ti máa la gẹdú.

Alapákó21 (Ọjọ́rú, aago 6:25 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o. Mo wà lára àwọn tí ẹ ń sọ̀rọ̀ wọn. Sọ́míìlì ẹ̀yìn ilé Ìyá Ìbejì kọ́ ni tèmi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe, mo sì mọ alága wọn níbẹ̀.

Ọdún kọkànlélógún mi rèé nídìí ẹ̀rọ CD, ayùn ńlá tí a fi ń la gẹdú. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, igbó ló yí wa ká, òkété ló ń bá wa gbé. Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ wa pọ́ọ́kú nítorí ariwo wa, àwọn tó rà á sì mọ̀ pé a wà níbẹ̀. Ó máa ń dùn mí bí wọ́n bá ń pè wá ní ẹni tó wá bá wọn nílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí òkìtì yẹn ti ń wá. Gẹdú tó bá wọlé, bí ìdajì rẹ̀ ló ń jáde ní pákó. Èèpo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwọn ìyá tó ń yan ẹja àti àwọn oníbúrẹ́dì ń kó o kí ilẹ̀ tó ṣú, owó nìyẹn fún wa. Ìyẹ̀ ni kò lólówó. Tẹ́lẹ̀, àwọn olóko adìẹ máa ń gbé ọkọ̀ wá kó o. Àtìgbà tí dísẹ́lì ti wọ́n, owó ọkọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ, wọn ò wá mọ́. Sọ́míìlì kan wá lè ní ogún ṣẹ́ẹ̀dì nínú, oníkálukú ń sanwó àyè tirẹ̀, kò sí ẹni tó ń sanwó àyè òkìtì. Tí ẹ bá béèrè olówó rẹ̀, kálukú á nawọ́ sí ẹnìkejì.

Ní ti iná, mi ò ní purọ́. Nígbà mìíràn, sìgá ẹnì kan ló bọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ ìgbà, àwa ni. Ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n máa ń rán, lálẹ́, kójú má baà rí i. Èmi náà ti rán ọmọ bẹ́ẹ̀ rí.

Ikọ́ yẹn ń ṣe èmi náà. Bí a bá la mànsóníà, imú mi á ṣẹ̀jẹ̀. Ìrókò á mú ara mi yún títí dé ọrùn. Mo ti gbà pé bí iṣẹ́ ṣe rí nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì_ÌdíAba (Ọjọ́rú, aago 7:02 àárọ̀)

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ ọmọ ló ṣáájú. Bí àyà rẹ̀ bá ń wọnú láàárín egungun ìhà nígbà tó bá ń mí, bí ètè rẹ̀ bá ń ṣú, tàbí tí kò lè sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta láìsinmi, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn báyìí. Ẹ gbé e jókòó, ẹ má tẹ́ ẹ gbalaja. Ẹ má fún un ní epo pupa mu, ẹ má sì kán àdí sí i nímú. Mo mọ̀ pé bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe nìyẹn, ìfẹ́ ló sì mú wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n epo ò lè fọ èéfín kúrò lára, bó bá sì gba ọ̀nà òdì, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ, ó lè di òtútù àyà.

Tówẹ̀lì tútù yẹn á mú eruku, kò lè mú èéfín. Ẹ má da méjèèjì pọ̀. Eruku tó ń fò níbi ayùn tóbi díẹ̀. Ojú, imú àti ọ̀fun ló ń bà jẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló sì ń jẹ ẹ́ jù. Láti ọdún 1995 ni àjọ IARC, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti ka eruku igi mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ, pàápàá inú imú àti àwọn ihò inú egungun tó yí imú ká. Èéfín ní tirẹ̀ kéré débi pé ojú ò lè rí ẹyọ kan rẹ̀. Ó ń gba imú kọjá dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, òmíràn ń wọ ẹ̀jẹ̀. Irú eruku wẹ́wẹ́ yìí, tí wọ́n ń pè ní PM2.5, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2021 pé kò yẹ kó ju máíkírógíráàmù 15 lọ nínú mítà onígun mẹ́ta afẹ́fẹ́, bí a bá pín in dọ́gba lórí wákàtí 24. Ilé tí èéfín ń gbé ní òròòru, ẹ fojú inú wò ó.

Iná tó ń jẹ lábẹ́ láìyọwọ́ yìí tún ń tú káábọ́ọ̀nù mónọ́ksáídì jáde. Kò ní òórùn. Tí gbogbo ilé bá ń jí pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí tí òòyì sì ń kọ́ wọn, ẹ fura sí i.

Ẹ̀gbọ́n wa Alapákó, imú tó ń ṣẹ̀jẹ̀ yẹn kì í ṣe bí iṣẹ́ ṣe rí. Ẹ lọ rí dókítà tó ń wo imú, etí àti ọ̀fun. Kí ẹ sì fi ìbomú N95 ṣiṣẹ́. Áńkáṣíìfù tí ẹ ń so mọ́ imú ò gba nǹkan kan dúró.

ÌyáÌbejì_Lafẹ́nwá (Ọjọ́rú, aago 1:50 ọ̀sán)

A ti dé láti ilé ìwòsàn. Wọ́n fi ẹ̀rọ fún un ní oògùn fà símú lẹ́ẹ̀mejì, ó ti ń sùn. Ẹ ṣé gan-an, Nọ́ọ̀sì. Ẹ̀fọ́rí tí ẹ sọ yẹn, mo ti rò pé àìsùn ni. Táyé náà máa ń ráhùn rẹ̀ kó tó lọ sílé-ìwé, mo sì máa ń bá a wí pé ó ń ṣe ọ̀lẹ.

Alapákó, ẹ ṣé tí ẹ sọ òótọ́ nípa iná yẹn. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń béèrè lọ́wọ́ wọn níbí, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ jẹ́wọ́.

Àdìrẹ_Ìtòkú (Ọjọ́rú, aago 2:15 ọ̀sán)

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìyẹ̀ igi lè ba omi kànga jẹ́ lóòótọ́? Ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé nítòsí ibẹ̀, kànga ni wọ́n fi ń se gbogbo nǹkan.

Akẹ́kọ̀ọ́_Alábàtà (Ọjọ́rú, aago 4:33 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n. Ó lè bà á jẹ́. Àwọ̀ pupa tí ẹ ń rí, oje igi ni. Igi ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní tannin, òun ló ń jẹ́ kí àgbo tí a fi èèpo igi sè pọ́n. Bí òjò bá ń rọ̀ sórí òkìtì yẹn fún oṣù mélòó kan, ìkòkò àgbo ńlá la gbé ka ilẹ̀ yẹn, tí omi rẹ̀ ń jò wọlẹ̀. Nínú odò, àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń jẹ ìyẹ̀ náà máa ń lo atẹ́gùn inú omi tán, ẹja á sì kú.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju àwọ̀ lọ ni gọ́tà tó dí. Omi tí kò rọ́nà lọ á kó ìgbẹ́ àti ìdọ̀tí gbogbo, á wá wọ kànga tí ẹnu rẹ̀ kò ga. Ibẹ̀ ni kọ́lẹ́rà ti ń wá. Ẹ ní kí wọ́n máa se omi yẹn kó hó dáadáa. Àwọ̀ rẹ̀ ò ní lọ, àmọ́ kòkòrò á kú. Kí wọ́n sì mọ ẹnu kànga sókè kí òjò tó dé.

Gbogbo wa la rántí oṣù Keje ọdún 2018, nígbà tí omi òjò ya wọlé nílùú yìí tó sì gbé ẹ̀mí lọ. Mi ò sọ pé ìyẹ̀ igi ló fà á. Ṣùgbọ́n orí àpáta la tẹ ìlú wa dó, omi ò fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọlẹ̀, gọ́tà àti àwọn odò kéékèèké bíi Sokorí ló ń gbé e lọ. Ohunkóhun tí a bá kó dí wọn, orí ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló ń já sí.

ỌmọLísàbi (Ọjọ́rú, aago 8:10 alẹ́)

Mo fẹ́ bá BàbáOnílé jiyàn díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kíkó wọn lọ. Ẹ wo Okobaba ní Ebute Mẹ́ta l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú létí ọ̀sà tipẹ́tipẹ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ Timberville sí Agbowa, lápá Ẹ̀pẹ́, pé kí wọ́n kó lọ síbẹ̀. Ọdún gorí ọdún lórí ọ̀rọ̀ náà. Ṣé kí Ìyá Ìbejì máa gbé ọmọ lé àyà títí dìgbà náà? Bí a bá sì kó wọn lọ sóko tí wọ́n ṣì ń dáná sí ìyẹ̀, ará oko ni yóò máa fa èéfín náà. Ilé á sì tún tẹ̀ lé wọn débẹ̀, bó ṣe ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ Alapákó.

Òfin wà nílẹ̀. Àjọ NESREA ti ìjọba àpapọ̀, tó ń rí sí òfin àyíká, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2007, ní ìlànà lórí ariwo láti ọdún 2009, lórí iná sísun ní gbangba láti 2011, àti lórí iṣẹ́ igi àti pépà láti 2013. Ní ìpínlẹ̀ tiwa, OGEPA ló ń rí sí àyíká. Àwọn wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ sì ṣì lágbára ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ, wọ́n lè wọ àgbàlá ẹnikẹ́ni tó bá ń da àwùjọ láàmú.

Ìyá Ìbejì, ẹ má fi lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ o. Ẹ fi ìwé àkọsílẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí iná bẹ̀rẹ̀, aago tí èéfín wọlé, ọjọ́ tí ẹ gbé ọmọ lọ, ìwé ilé ìwòsàn, fọ́tò gọ́tà. Kí ẹ kọ́kọ́ gbé e fún CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, àti baálẹ̀ kí wọ́n bá alága sọ́míìlì jókòó. Bí wọn ò bá gbọ́, ìwé yẹn ni ẹ máa fi lọ bá OGEPA.

Agbẹ_Ọ̀dẹ̀dá (Ọjọ́bọ̀, aago 6:05 àárọ̀)

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Olóko adìẹ ni mí, mo wà lára àwọn tí Alapákó ní wọn ò wá mọ́. Òótọ́ ló sọ. Ọkọ̀ àyálò ni mo fi ń kó o nígbà yẹn, owó rẹ̀ ti lé mi. Ṣùgbọ́n ní ọdún tó kọjá mo ra píkọ̀ọ̀pù, mo sì máa ń wá sí Lafẹ́nwá ra oúnjẹ adìẹ. Àyè ṣì máa ń ṣófo nínú rẹ̀ nígbà tí mo bá ń gbé e padà sí Ọ̀dẹ̀dá. Ní báyìí tí mo ti ka èyí, ó ń dùn mí.

Bí wọ́n bá lè di í sápò, mo lè kó ọgọ́ta àpò ní ọ̀sẹ̀ méjìméjì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ o. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ. Ìyẹ̀ tútù máa ń hu funfun, adìẹ tó bá fà á símú lè kú. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ti pákó tí wọ́n ti fi oògùn kòkòrò pa. Bí ìfá pákó tó ń jáde nídìí pléènì bá wà, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún mi, òun ló dára jù, torí òròmọdìẹ máa ń ṣa ìyẹ̀ kúnná jẹ bí oúnjẹ.

Èyí tó ti tutù wúlò fún ilẹ̀. Àmọ́ ẹ má dà á tútù sídìí àgbàdo. Mo ṣe é lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, gbogbo ewé àgbàdo mi pọ́n bí ọsàn. Ìyẹ̀ tuntun máa ń fa náítírójìn inú ilẹ̀ mọ́ra kó tó jẹrà. Ẹ pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìẹ, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ máa yí i. Tó bá pẹ́ tó ti dúdú tó sì ń rùn bí ilẹ̀ igbó, ó ti jinná. Àwọn tó ń gbin olú náà ń lò ó, wọ́n á sè é, wọ́n á dì í sínú ọ̀rá, olú á hù lórí rẹ̀.

BàbáOnílé_Adígbẹ (Ọjọ́bọ̀, aago 7:30 àárọ̀)

ỌmọLísàbi, mo gbọ́ yín. Ọ̀rọ̀ ará oko yẹn wọ̀ mí lára, mi ò rò ó débẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó ti ń jóná lábẹ́ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣọ́ra o. Bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé bọ́ sórí irú òkìtì bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gùn ún lọ mú un. Òkè rẹ̀ rí wẹ́rẹ́, eérú lásán ni lójú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rì dé orúnkún, iná pupa ló wà nísàlẹ̀. Oṣù mẹ́rin ló lò nílé ìwòsàn. Ó ti ń rìn, kò lè sáré.

Alapákó21 (Ọjọ́bọ̀, aago 9:15 alẹ́)

Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Mo ka ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn, mi ò lè fèsì lọ́sàn-án.

Bí a ṣe ń pa á rèé, ẹ bá mi tẹ́ ẹ síwájú wọn. Omi tí wọ́n ń dà lé orí òkìtì kì í dé abẹ́, ó máa ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ lọ ni. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gùn ún. Ẹ gbẹ́ kòtò la ibi tó ń rú èéfín kúrò lára ibi tí kò tíì dé. Lẹ́yìn náà, láti ẹsẹ̀ òkìtì, ẹ fi ṣọ́bìrì ọlọ́wọ́ gígùn wà á díẹ̀díẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sílẹ̀, ẹ bu omi sí i, ẹ yí i, ẹ tún bu omi sí i. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ni fún ọkùnrin mẹ́fà. Torí pé ó gba agbára ni gbogbo wa kì í fi í ṣe é.

Mo ti pe alága ibẹ̀. Ó kọ́kọ́ bínú, ó ní ta ló fọ̀rọ̀ àwọn síta. Mo ka ohun tí Nọ́ọ̀sì kọ nípa eruku igi fún un. Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun tó kọ́ òun níṣẹ́, imú ni àìsàn tó pa á ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí CDA wá lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn.

ÌyáÌbejì_Lafẹ́nwá (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 8:40 alẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní kí n dárúkọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálẹ̀ ni ìpàdé ti wáyé. Ó le. Ẹnì kan lára àwọn alápákó ní ká kó kúrò tí ara wa ò bá gbà á. Ọkọ mi dìde, ó ní òun ti ra pákó lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ, kó wá wo ọmọ òun kó tó tún sọ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà jókòó. Wọ́n fẹnu kò pé kò sí iná mọ́, pé ṣẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan á máa dá owó àpò àti owó àwọn tó ń dì í lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwa CDA kó gọ́tà, a sì to búlọ́ọ̀kù ìlà mẹ́ta sí ẹsẹ̀ òkìtì kó má baà ṣàn mọ́.

Ṣẹ́ẹ̀dì méjì ò tíì dá owó. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹnì kan tún tanná sí i lóru. Alága fúnra rẹ̀ wá pẹ̀lú ṣọ́bìrì, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi wà á bí Alapákó ṣe sọ. Òkìtì ò tíì relẹ̀ débi tí ojú á fi mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò ga sí i. Kànga ilé kẹta ṣì pọ́n. Táyé ò ráhùn ẹ̀fọ́rí mọ́, mo sì ti bẹ̀ ẹ́. Òru mọ́kànlá rèé tí Kẹ́hìndé ti ń sùn mọ́jú.

Agbẹ, àpò mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ti wà nílẹ̀, gbígbẹ ni gbogbo rẹ̀, ìfá pákó wà lọ́tọ̀. Ojú ọ̀run ti ń ṣú níbí láti ìrọ̀lẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè wá kó tó di Ọjọ́ Ẹtì?

Agbẹ_Ọ̀dẹ̀dá (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 8:52 alẹ́)

Mo ń bọ̀ lọ́la, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Màá kó ọgọ́ta lákọ̀ọ́kọ́, màá padà wá kó ìyókù lọ́sàn-án. Ẹ ní kí wọ́n fi tapólì bò ó mọ́jú.